Kí Ló Dé Tí Owú Fi Ń Pa Àwọn Faransé Lẹ́rìn-ín, Tó Sì Ń Pa Àwa Lẹ́kún?

Òrò ni mo wà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán á mọ̀ pé tí èèyàn bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, kò ní pẹ́ kan Òrò. Màámi ni mo lọ kí, mo sì yà wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kàwé ní College of Education tó wà níbẹ̀. Mo bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lé orí ìrọ̀rí, wọ́n ń wo fíìmù. Mo rò pé ti Korea ni, nítorí ìyẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àfi bí mo ṣe gbọ́ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́ èdè náà ló gbà á wálé, ìtumọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀.

Mo bá wọn jókòó. Nígbà tó yá, yàrá náà pín sí méjì. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn, ó gba ọkùnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ní kí ni ó fẹ́ ṣe, ṣebí ọ̀rẹ́ yẹn ò fẹ́ ọkùnrin náà dáadáa tẹ́lẹ̀. Ariwo ta títí fíìmù fi parí. Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá yíjú sí mi, ó ní: “Àǹtí, ṣé bó ṣe parí nìyẹn? Kò sẹ́ni tó ya wèrè? Kò sẹ́ni tó kú?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Fíìmù náà

Orúkọ rẹ̀ ni L'Ami de mon amie. Ọdún 1987 ló jáde, Éric Rohmer ló darí rẹ̀. Tí a bá ní ká túmọ̀ orúkọ yẹn, “ọ̀rẹ́kùnrin ọ̀rẹ́bìnrin mi” ni. Cergy-Pontoise, ìlú tuntun kan tí kò jìnnà sí Paris, ni wọ́n ti yà á. Blanche ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà, ó ní ilé tirẹ̀, ó ń gba owó oṣù tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ló ti pàdé Léa, ni wọ́n bá dọ̀rẹ́. Omi ń ba Léa lẹ́rù, Blanche mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ló bá ń kọ́ ọ.

Léa ní ọ̀rẹ́kùnrin, Fabien lorúkọ rẹ̀. Ti Blanche, Alexandre ló wù ú, arẹwà ọkùnrin tí àwọn obìnrin ń wọ́ tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n tí Alexandre bá ti yọ, ahọ́n Blanche á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kò ní mọ ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Léa gba ìsinmi, ó rìnrìn àjò. Kó tó dé, Blanche àti Fabien ti ń rìn pọ̀, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín pọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá ẹ̀rín. Ojú ti Blanche. Ó ní èèyàn ọ̀rẹ́ òun ni, kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Léa dé, ó tún gbìyànjú Fabien wò, kò bọ́ sí i. Alexandre tí Blanche ń tìtorí rẹ̀ sunkún, Léa ló wá wojú rẹ̀.

Níparí, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pàdé. Léa fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun àti Alexandre ti ń fẹ́ra, àmọ́ kò dárúkọ ọkùnrin kankan. Blanche rò pé Fabien ló ń wí, pé Léa ti gbà á padà. Ó bú sẹ́kún. Ìgbà tí wọ́n dárúkọ tán ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn, ẹ̀rín sì sọ. Kálukú mú ẹni tó bá a mu, ọ̀rẹ́ ò bàjẹ́.

Ẹ wo ohun kan níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré tí Faransé fi ń pe ọkùnrin tí wọn ò dárúkọ ló dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀. Tiwa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí “ó” tiwa ò fi ọkùnrin hàn, kò fi obìnrin hàn. “Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀.” Ta ló fẹ́ràn ta? Ìjà mélòó ló ti ṣẹlẹ̀ ní kọ́ńpáàǹdì yín nítorí “ó” tí kò lórúkọ?

Rohmer fẹ́ràn òwe bíi bàbá àgbà. Fíìmù mẹ́fà ló ṣe láàárín ọdún 1981 sí 1987 tó pè ní “Àwàdà àti Òwe”. Òwe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣílé. Òwe ti èyí ni pé ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi náà ni. Ẹ ti rí ibi tí òwe yẹn gbé Blanche dé.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná

Ó ti pẹ́ tí àwọn Faransé ti ń fi owú ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́dún 1723, Marivaux gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ La Double Inconstance. Silvia àti Arlequin fẹ́ràn ara wọn bí ẹni máa kú. Kí eré tó parí, Silvia ti bá ọmọ ọba lọ, Arlequin ti rí ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó já okùn so.

Ní 1907, Georges Feydeau gbé tirẹ̀ dé, La Puce à l'oreille. Ìyàwó ilé kan fura sí ọkọ rẹ̀. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọkọ òun, bíi pé obìnrin tí kò mọ̀ rí ló kọ ọ́, káwọn fi dẹ ẹ́ wò. Ọkọ ọ̀rẹ́ náà wá rí lẹ́tà, ó dá ọwọ́ ìyàwó tirẹ̀ mọ̀, ó fa ìbọn yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí àkáǹtì tuntun lórí Instagram láti fi dẹ bọ̀ífúrẹ́ńdì yín wò, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é.

Nínú gbogbo eré wọ̀nyí, òjòwú ló ń di ẹlẹ́yà. Òun ló ń farapamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, òun náà ló sì máa ń ṣìnà.

Ó wá ku tiwa

Àgbámú, ìlú Ìgbómìnà bíi tiwa, ni Adéyẹmí Afọláyan ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Lọ́dún 1982, ó gbé fíìmù kan jáde. Ẹ mọ orúkọ tó sọ ọ́? Ìjà Orogún. Ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ̀ pé ẹkún ń bọ̀ kó tó san owó wọlé.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, gbé Aníkúlápó sórí Netflix. Ọ̀pọ̀ yín ló wò ó. Ìtàn ẹni tó ń pààrọ̀ olólùfẹ́ náà ni. Sàró, ahunṣọ, wọ ìlú Ọ̀yọ́. Àwárùn, ìyá olówó, fẹ́ ẹ. Ó tún lọ bá Arólákẹ́, olorì kékeré tí àwọn ìyálé ààfin ń jowú rẹ̀ nítorí ọba fẹ́ràn rẹ̀. Àṣírí tú, wọ́n lu Sàró pa, ẹyẹ àkàlà ló jí i. Arólákẹ́ ló gba agbára àjíǹde náà fún un. Ìgbà tí Sàró wá lówó tán, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e, ó tún ní ọmọ ọba lòun fẹ́. Arólákẹ́ ló mọ ibi tí agbára yẹn wà, òun náà ló sì tú u dà nù. Ẹ mọ bó ṣe parí.

Ìtàn wa tó tilẹ̀ ti pẹ́ jù nípa owú kò rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, ń wá ohun tó máa fi mú ọkọ rẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n ní Ọ̀ṣun ló tàn án pé etí ni òun fi sebẹ̀. Ọbà gé etí tirẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ṣàngó rí i, ó bínú, ó lé e. Ọbà di odò, Ọ̀ṣun náà di odò. Títí dòní, àwọn èèyàn ń sọ pé níbi tí odò Ọbà ti pàdé odò Ọ̀ṣun, omi ibẹ̀ kì í rọlẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Etí lọ, ọ̀rẹ́ lọ, obìnrin méjì di omi tó ń bára wọn jà títí ayé. Ṣàngó ńkọ́? Ṣàngó jẹ ọba rẹ̀ lọ.

Ohun tí orogún ń ṣọ́

Kí ló fà á tí tiwa fi rí báyìí? Àwọn kan á ní ọkàn tiwa ló gbóná jù. Mi ò gbà. Owú kan náà ló wà nínú Blanche àti Ọbà. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n máa pàdánù.

Ẹ wo Blanche. Ó ní iṣẹ́, ó ní ilé, kò bímọ, kò sí mọ̀lẹ́bí tó ń bá a dá sí i. Tí Fabien bá lọ, ẹkún ọjọ́ mẹ́ta ni gbèsè rẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti rọrùn báyẹn, èèyàn á rí àyè rẹ́rìn-ín.

Ní ilé olórogún, ọ̀tọ̀ ni. Láyé àtijọ́, àti títí di báyìí nínú ọ̀pọ̀ ilé, tí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ọ̀nà tí wọ́n á pín in sí. Èkejì ni orí-ò-jorí: iye ọmọ ni iye ọ̀nà. Ká ní ìyàwó kan bí ọmọ kan, èkejì bí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ọmọ kan yẹn á gba ìdajì, àwọn mẹ́fà á pín ìdajì tó kù. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdá kan nínú méje ni ti ọmọ kan yẹn. Ẹ rò ó wò, ẹ rí i bóyá àwọn ìyá méjèèjì á lè wo ara wọn láìfura.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù. Suberu Dáwódù ti Èkó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ lọ títí dé Privy Council ní London, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì dá a ní 1962 pé ìdí-igi ṣì ni àṣà, kò tíì kú.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí orogún tó ń ṣọ́ ta ni wọ́n fún lówó ọbẹ̀, ta ni wọ́n ra aṣọ fún, yàrá ta ni bàbá sùn, ẹ má kàn pè é ní òjòwú kí ẹ máa lọ. Ilẹ̀ àti owó ilé ìwé ọmọ ló ń ṣọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyálé mọ̀ ọ́n, ìyàwó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń bá jà. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí ẹni tó ni pàṣán.

Àwọn tó fi orogún pa wá lẹ́rìn-ín

Ẹ má rò pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà ní ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1988, Henri Duparc ṣe Bal poussière ní Côte d'Ivoire, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń gbé láti ìran dé ìran. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àmọ́ ilé olórogún bíi tiwa ni. Ọkùnrin olóko ọ̀pẹ̀yìnbó kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Demi-Dieu, ìyẹn ìlàjì Ọlọ́run, ní ìyàwó márùn-ún. Ó tún fẹ́ Binta, ọmọge tó ti gbé Abidjan, ṣe ìkẹfà. Ìdí tó fi fẹ́ mẹ́fà? Kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan lè ní ọjọ́ tirẹ̀ láti Monday dé Saturday. Sunday ńkọ́? Ti ẹni tó bá ṣe dáadáa jù lọ́sẹ̀ yẹn ni, bíi bónọ́ọ̀sì. Binta wọlé, ó tú gbogbo kàléńdà náà ká. Mi ò ní sọ ìparí rẹ̀ fún yín, ẹ lọ wò ó.

Tiwa náà wà. Ọlá Rótìmí kọ Our Husband Has Gone Mad Again, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Yale, l'Amẹ́ríkà, ní 1966. Ajagunfẹ̀yìntì Lejoka-Brown fẹ́ ṣe òṣèlú. Ó fẹ́ Liza, dókítà tó kàwé l'Amẹ́ríkà, kò sọ fún un pé ìyàwó méjì ti wà nílé. Liza já lu ilé lójijì. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ìjà, àbí? Ìjà wáyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, orí ọkọ sì dàrú. Ẹ tún ka orúkọ eré náà wò. Ọkọ ni wọ́n pè ní wèrè.

Ohun tó jẹ́ kí eré méjèèjì yìí pani lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹni tí gbogbo wọn ń tìtorí rẹ̀ jà ni òǹkọ̀wé gbé síwájú wa pé ká fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Màámi àti Ìyá Kékeré

Olórogún ni bàbá mi. Màámi ni ìyálé. Ìyá Kékeré ló tẹ̀ lé e. Ní kékeré mi, mo rí ìjà tó fọ́ ìkòkò, mo rí èyí tó ya aṣọ. Ọdún kan wà tí àwa ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹun níyàrá kejì, nítorí a ò mọ ohun tí wọ́n fi sí i. Kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ náà. Ẹran ló wà níbẹ̀.

Bàbá ti kú tipẹ́. Inú ilé kan náà làwọn obìnrin méjèèjì ṣì ń gbé. Ojú màámi ti ń ṣú, Ìyá Kékeré ló ń ká oògùn fún un láràárọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wo fíìmù yẹn, mo bá wọn níta tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá kan. Mo sọ ìtàn Blanche àti Léa fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Kékeré ní: “Wọ́n kàn pààrọ̀ wọn bí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bàtà?”

Mo ní: “Màámi, kí lẹ̀yin méjèèjì ń jà sí gan-an nígbà yẹn?”

Màámi ò tilẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì. “Owó ilé ìwé rẹ ni. Tí mo bá jẹ́ kó fa bàbá yín mọ́ra tán, ta ló máa san án?”

Ìyá Kékeré ní: “Ti àbúrò rẹ lèmi náà ń jà sí. Ìyálé mi mọ̀.”

Mo ní: “Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ò pe bàbá jókòó, kí ẹ bi í léèrè iye tó ní àti bó ṣe fẹ́ pín in?”

Wọ́n wo ara wọn. Màámi ní: “Ta ló máa bi í?” Ni àwọn méjèèjì bá tún bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí wọn lọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí

Kí n tó kúrò l'Òrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, èyí tó dákẹ́ jù nínú yàrá, ti bá ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá jà lọ́dún tó kọjá nítorí ọmọkùnrin kan. Wọ́n fa irun ara wọn tu, wọ́n ya fídíò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ọmọkùnrin náà ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn báyìí.

Ohun tó ń dùn mí nípa ìran yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ yín ń gbé bíi Blanche: yàrá tiyín, owó tiyín, fóònù tiyín. Kò sí ogún tí ẹ ń bá ẹnikẹ́ni dù lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ń yá dátà. Síbẹ̀, tí owú bá dé, ìjà orogún lẹ̀ ń jà. Ẹ̀ ń wá nọ́ńbà obìnrin kejì, ẹ̀ ń bú u, ẹ̀ ń ya fídíò rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin náà ń ṣe é: ọ̀rẹ́ yín lẹ̀ ń lọ gbá létí. Ìyá wa jà bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà. Ẹ̀yin ní ọ̀nà.

Owú ò ní kúrò láyé. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ó jowú títí kò yó. Blanche náà jowú, ó sunkún. Ohun tó yọ ọ́ ni pé ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì bi ara wọn léèrè. Ìbéèrè tí màámi ò rí ẹni tó máa bá a bi nìyẹn. Tó bá kàn yín, ẹ bi í. Ẹni tó yẹ kí ẹ bi náà ni kí ẹ bi.

Mo ti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé Bal poussière ni kí wọ́n wò tẹ̀ lé e. Ó ní ṣé ẹnì kan kú níbẹ̀. Mo ní kó lọ wò ó.